Ọjọ́ a kú là ń dère: Bí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ṣe ń rántí Rashidi Yekini

Bí ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún bá ti dé lọ́dọọdún, orúkọ kan máa ń padà sí ẹnu àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù nílẹ̀ Yorùbá. Wọ́n ń dá orúkọ náà n'Íbàdàn, wọ́n ń dá a l'Ábẹ́òkúta, wọ́n sì ń dá a níbí lẹ́kùn Plateau, láti Ìlárá tó wà lẹ́nu ibodè títí dé Kétu, Pobè àti Sakété. Orúkọ náà ni Rashidi Yekini. Ọjọ́ yìí lọ́dún 2012 ni ọkùnrin tó kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé fún Nàìjíríà nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé jáde láyé nílùú Ìbàdàn. Ẹni ọdún 48 ni.

Ẹ dárúkọ Yekini níwájú ọkùnrin tó ti lé dáadáa ní ogójì ọdún nídìí ọpọ́n ayò, ní ibùdó àwọn ọlọ́kadà tí à ń pè ní zémidjan, tàbí nínú ìsọ̀ àwọn tó ń tún rédíò ṣe, kí ẹ sì wo ojú rẹ̀. Kò ní í kọ́kọ́ ka iye góòlù fún yín. Yóò gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, yóò di afẹ́fẹ́ mú bí ẹni di àwọ̀n mú, yóò sì máa mì ín.

Àwa tí à ń kọ ìròyìn yìí kò tíì dáyé lọ́dún 1994. Inú fídíò la ti rí góòlù náà, ẹnu àwọn àgbà la sì ti gbọ́ bí òru ọjọ́ náà ṣe rí. Ìyẹn gan-an ló mú wa kọ ìtàn yìí. Ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà náà mọ bí Yekini ṣe sunkún nínú àwọ̀n, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ló bèèrè bí ọkùnrin náà ṣe lo ọdún tó gbẹ̀yìn láyé rẹ̀.

Òru tí oorun dá lójú

Ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1994 ni. Nàìjíríà kò tíì dé ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé rí kó tó di ọdún náà. Pápá Cotton Bowl nílùú Dallas, l'Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti kojú Bulgaria, ikọ̀ tí Hristo Stoichkov jẹ́ òpó fún. Ìrọ̀lẹ́ ni lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa níbí, aago méjìlá òru ti kọjá.

Wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù náà dé ìṣẹ́jú 21 nígbà tí Finidi George sá gba apá ọ̀tún lọ. Ó ti bọ́ọ̀lù náà gba iwájú ilé kọjá, Yekini tó wọ aṣọ onínọ́mbà 9 sì yọ sí i, ó tì í wọlé. Góòlù náà fúnra rẹ̀ kò ní ọnà kankan lára. Ohun tó tẹ̀lé e ni kò sẹ́ni tó gbàgbé. Yekini wọ inú ilé góòlù lọ, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ ojú àwọ̀n, ó dì í mú, ó ń mì ín, ó ń pariwo, ẹkún gbà á lójú. Daniel Amokachi gbá èkejì, Emmanuel Amunike fi orí kan ẹ̀kẹta. Góòlù mẹ́ta sí òdo ni wọ́n parí rẹ̀ sí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ikọ̀ yẹpẹrẹ ni Bulgaria. Nínú ìdíje yẹn kan náà, àwọn ló lé Jámánì tó gba ife lọ́dún 1990 kúrò, ipò kẹrin lágbàáyé ni wọ́n sì bọ́ sí.

Lẹ́kùn wa, iná mànàmáná kò tíì dé ọ̀pọ̀ abúlé nígbà náà. Bátìrì mọ́tò ni wọ́n fi ń tan tẹlifíṣọ̀n, ẹni tí kò bá sì rí tẹlifíṣọ̀n a lẹ etí mọ́ rédíò. Benin kò tíì dé ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà rí. Ọdún 2004 ni ikọ̀ wa kọ́kọ́ débẹ̀. Nítorí náà, ikọ̀ Nàìjíríà ni ọ̀pọ̀ ará ibodè mú bíi tiwọn. Kò sì yani lẹ́nu. Ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà gba àárín ẹbí kan náà kọjá ni: ẹ̀gbọ́n wà ní Kétu, àbúrò wà ní Mẹ̀kọ. Ọmọ Yorùbá tó ń jẹ́ Rashidi kò lè di àlejò ní ìlú tí Rashidi pọ̀ sí lójúde kọ̀ọ̀kan.

Ọdún tó le ni ọdún náà tún jẹ́. Ní oṣù kìíní ni wọ́n já owó sẹ́fà wálẹ̀: owó Faransé kan tí à ń fi sẹ́fà 50 gbà di sẹ́fà 100 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo ọjà tó ń ti òkè òkun wá sì fò sókè. Lódìkejì ibodè, ìjọba ológun ti fagi lé ìbò ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993 tí Olóyè MKO Abíọ́lá borí nínú rẹ̀. Ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn góòlù Yekini ni ìjọba Sani Abacha mú Abíọ́lá sí àhámọ́. Abíọ́lá yìí kan náà ló dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Abiola Babes sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, níbi tí Yekini ti gbá bọ́ọ̀lù nígbà èwe rẹ̀. Ẹni tó bá ń béèrè ìdí tí góòlù kan fi wọ àwọn bàbá àti ìyá wa lára tó bẹ́ẹ̀, kó rántí irú àkókò tí wọ́n wà. Ayọ̀ kò pọ̀ nílùú. Èyí tó wá, gbogbo èèyàn ló jọ pín in.

Ọmọ Ira tó rin ìrìn oníṣòwò

Kàdúná ni wọ́n bí Yekini sí lọ́jọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 1963, ṣùgbọ́n Ira, ìlú kan nítòsí Ọ̀fà ní ìpínlẹ̀ Kwara, ni orírun rẹ̀. Ira náà ni ìlú tí àwọn àgbà ń pa ìtàn Ọya mọ́. Ẹ̀yin oníṣòwò tó ń ka ìròyìn yìí mọ irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀ dáadáa. Òbí á ti ilé jáde wá oúnjẹ lọ sí ọ̀nà jíjìn, wọn á bímọ síbẹ̀, ọmọ á gbọ́ Haúsá bó ṣe gbọ́ Yorùbá, síbẹ̀ yóò mọ ilé.

Ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ UNTL ní Kàdúná ló ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sí Ìbàdàn, ó wọ ẹgbẹ́ Shooting Stars. Lọ́dún 1984, ẹgbẹ́ náà dé àṣekágbá ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tó gbapò kìíní nílẹ̀ Áfíríkà, kí Zamalek ti ilẹ̀ Íjíbítì tó borí wọn. Ó kọjá sí Abiola Babes l'Ábẹ́òkúta. Nígbà tó di ọdún 1987, ó dé Abidjan, ó wọ Africa Sports. Abidjan ni ìlú tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ti ń ṣòwò láti ìgbà láéláé, nítorí náà kò dé àárín àjòjì. Ọdún 1990 ló ré kọjá sí ilẹ̀ Pọtogí, nínú ẹgbẹ́ Vitória de Setúbal.

Setúbal ni òkìkí rẹ̀ ti kàn. Ní sáà ọdún 1993 sí 1994, góòlù 21 ló gbá wọlé nínú líìgì tó ga jù ní Pọtogí, kò sì sí ẹni tó gbá tó o ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Òun ni wọ́n mú ní agbábọ́ọ̀lù tó peregedé jù nílẹ̀ Áfíríkà fún ọdún 1993, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí irú oyè bẹ́ẹ̀ tọ́ sí. Ní Tùnísíà lọ́dún 1994, góòlù márùn-ún ló gbá nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà, ó tún gba ife náà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Gbogbo góòlù tó gbá fún Nàìjíríà jẹ́ 37. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi kọjá tí ẹnikẹ́ni kò lè dé ibi tó fi iye náà sí. Àwọn oníròyìn eré ìdárayá sọ ọ́ ní Goalsfather, ìyẹn ni bàbá àwọn góòlù.

Lẹ́yìn Dallas, nǹkan kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó lọ sí Olympiacos ní Gíríìsì, kò bára mu. Ó lọ sí Sporting Gijón ní Sípéènì, ìfarapa kò jẹ́ kó gbádùn. Ó dé Siwisalandi, ó dé Tùnísíà, ó dé Saudi Arabia, ó sì padà sí Africa Sports ní Abidjan. Lọ́dún 2005, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 41, ó tún wọ bàtà bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Gateway l'Ábẹ́òkúta. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín: wọ́n mọ̀ pé àgbẹ̀ tí ọkọ́ ti mọ́ lọ́wọ́ kì í fẹ́ gbé e kọ́ àjà.

Ilé tó dákẹ́ n'Íbàdàn

Nígbà tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ pátápátá, Ìbàdàn ló ń gbé. Ó ń dá gbé, kò fẹ́ràn àríyá, kì í sì í bá oníròyìn sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tó yá, àwọn ìwé ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pé ìṣesí rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá, pé ara rẹ̀ kò yá, àti pé kì í fẹ́ rí èèyàn mọ́. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ohun tí àwọn ẹbí sọ nípa ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn àti ohun tí àwọn aládùúgbò sọ kò bára mu. A kò ní í dá ẹjọ́ náà níbí. Olóògbé kò lè sọ tẹnu rẹ̀ mọ́, ẹbí tó sì ń ṣọ̀fọ̀ kì í ṣe ẹni tí à ń na ìka sí.

Ohun tó hàn sí gbogbo ayé ni èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n sin ín sí Ira ní ìlànà Mùsùlùmí. Ọ̀rọ̀ ìyìn wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba, láti ọ̀dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù, láti ẹnu àwọn tó bá a gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n pè é ní akọni, wọ́n pè é ní ọmọ rere, wọ́n ní irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ ṣáájú: ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn kò sunwọ̀n láàyè. Mélòó nínú ọ̀rọ̀ dídùn wọ̀nyẹn ló kan ilẹ̀kùn rẹ̀ n'Íbàdàn nígbà tí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́?

Èyí ló ń dun ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ rẹ̀ títí di òní. Kì í ṣe pé ó kú, nítorí gbogbo wa la ó kú. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé ọkùnrin tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn yí ká nígbà tó ń sunkún ayọ̀, òun nìkan ló kù nígbà tí ara kò yá.

Ogún ọmọdé

Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Agbábọ́ọ̀lù 22 ni Nàìjíríà kó lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1994. Uche Okafor kú lọ́dún 2011, Yekini lọ́dún 2012, Thompson Oliha lọ́dún 2013, Wilfred Agbonavbare lọ́dún 2015. Stephen Keshi, balógun ikọ̀ náà, tó tún padà wá kọ́ ikọ̀ Tógò àti ti Nàìjíríà, kú lọ́dún 2016.

Peter Rufai tó ń ṣọ́ ilé fún wọn náà lọ ní oṣù keje ọdún 2025. Rufai kì í ṣe àlejò sí wa. Kó tó lọ sí Yúróòpù, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Dragons de l'Ouémé ní Porto-Novo níbí, láàárín ọdún 1986 sí 1987. Ọmọ ọba ni, wọ́n sì ní kó wá jọba lẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó kọ̀ ọ́. Àwọn àgbà Porto-Novo àti Sakété tó máa ń lọ wo bọ́ọ̀lù nígbà náà kò ní láti wo tẹlifíṣọ̀n kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká wo Agbonavbare díẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Rayo Vallecano, ẹgbẹ́ kan ní àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ nílùú Madrid, ló ti ṣọ́ ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí àrùn jẹjẹrẹ mú ìyàwó rẹ̀, ó ná owó rẹ̀ lórí ìtọ́jú. Ó padà di ẹni tó ń kó ẹrù ní pápákọ̀ òfuurufú Madrid. Àrùn jẹjẹrẹ náà ló sì pa òun alára. Àwọn olólùfẹ́ Rayo kò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n bẹ ẹgbẹ́ wọn títí wọ́n fi fi orúkọ rẹ̀ sọ ẹnu ọ̀nà kan ní pápá ìṣeré náà. Ẹ̀yin ará Kétu mọ ohun tí ẹnu ọ̀nà lè sọ. Akaba Ìdènà wà níbẹ̀ tó ń sọ ìtàn àwọn tó dáàbò bo ìlú fún ọmọ tí kò bá wọn láyé.

Ìrántí mìíràn tún wà tó ju orúkọ lára ògiri lọ. Dikembe Mutombo, ọmọ Kóńgò tó di ìlúmọ̀ọ́ká nínú bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ jù sínú agbọ̀n, èyí tí à ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì, kú lọ́jọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, lẹ́ni ọdún 58. Ìyá rẹ̀ kú ní Kinshasa nígbà rògbòdìyàn, nítorí pé kò sí ọ̀nà láti gbé e dé ilé ìwòsàn. Mutombo fi mílíọ̀nù 15 dọ́là owó tirẹ̀ sínú kíkọ́ ilé ìwòsàn kan ní Kinshasa, ó sì fi orúkọ ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ọdún 2007 ni wọ́n ṣí i. Nígbà tí òun náà kú, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa eré rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn náà kò sùn lọ́jọ́ náà: aláìsàn ń wọlé, aláìsàn ń jáde.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́?

Ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní mílíọ̀nù 15 dọ́là. Ṣùgbọ́n kò sí abúlé kan lẹ́kùn Plateau tí kò ní Yekini tirẹ̀. Ọkùnrin tó gbá bọ́ọ̀lù fún ìlú nígbà èwe rẹ̀ ni, tí wọ́n gbé sórí èjìká lọ́jọ́ tó gbá góòlù sáwọ̀n ìlú kejì. Lónìí, ó ń gun zémidjan, tàbí ó ń gbin ẹ̀gẹ́, orúnkún rẹ̀ ń dùn ún, àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá kan náà kò sì mọ̀ ọ́n. Bó bá kú lọ́la, ẹ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. A ó ta àgọ́, a ó dá aṣọ ẹgbẹ́, a ó pe olórin, àwọn kan á tiẹ̀ yá owó. Owó aṣọ ọjọ́ kan péré lè ra oògùn orúnkún rẹ̀ fún oṣù púpọ̀.

A kò sọ pé kí á má sin òkú wa dáadáa. Àṣà wa ni, ó sì dára. Ohun tí à ń sọ ni pé kí díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣáájú ikú. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù abúlé lè pe àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù wá sí pápá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí wọ́n jókòó síwájú, kí àwọn ọmọ kí wọn lórúkọ. Kò ná wọn ju omi àti àga lọ. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ máa ń fún àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù àti aṣọ, ẹ bi wọ́n pé: ta ló ń kọ́ yín? Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà yẹn, ẹ fún òun náà ní nǹkan.

Ọ̀rọ̀ kejì wúwo díẹ̀, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Bí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í yà ara rẹ̀ sọ́tọ̀, tí kò fẹ́ rí ọ̀rẹ́ mọ́, tí kò sùn, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá ti àtẹ̀yìnwá mu, ẹ má fi ṣe ẹlẹ́yà, ẹ má sì fi pa mọ́. Àìsàn ni, bí ibà ṣe jẹ́ àìsàn, ìtọ́jú sì wà. Ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú irú rẹ̀ wà ní Jacquot ní Cotonou. Lódìkejì ibodè, Àró wà l'Ábẹ́òkúta, kò sì jìnnà sí wa. Ní Àró yìí ni dókítà Thomas Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kan lọ́dún 1954 tí gbogbo ayé wá kọ́: kò ti aláìsàn mọ́lé. Ó jẹ́ kí wọ́n máa gbé ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí ẹbí kan bá aláìsàn kọ̀ọ̀kan wá, kó máa sè fún un, kó máa bá a sọ̀rọ̀, kó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Lambo mọ ohun tí àwọn bàbá wa mọ̀, pé oògùn nìkan kò tó, èèyàn ni aṣọ èèyàn.

Fídíò ọjọ́ náà ní Dallas ṣì wà fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Bí Yekini ṣe di àwọ̀n mú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré bọ̀, wọ́n sì dì mọ́ ọn. Ẹ fi fídíò náà han àwọn ọmọ yín lọ́jọ́ kẹrin oṣù karùn-ún tó ń bọ̀. Bí ẹ bá fi hàn wọ́n tán, ẹ mú wọn dání, kí ẹ jọ lọ kí bàbá kan ládùúgbò yín tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún ìlú rí.